Àwọn Tó Gbé Ọ Dìde Nínú Yìnyín

Agége, lẹ́bàá ojú irin,
ìgbà ọyẹ́.

Gàníyù Àjàní, ọmọ mi,

Bí mo bá ní kí n kí ọ kú gbogbo ohun tí ojú rẹ ń rí lọ́hùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé yìí á kún kí n tó dé ibi ọ̀rọ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ báyìí: o kú ọ̀nà jíjìn, o kú òtútù, o kú àìgbédè, o kú àìfojúkojú. Mo wá fi ọ̀kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí kún un: o kú yìnyín. Ìyá rẹ ní kò sí ìkíni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ti wà láti òní lọ.

Lẹ́tà rẹ aláwọ̀ búlúù tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, bí mo ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ìdí pákó ni mo jókòó sí tí mo kà á, mo sì tún un kà. Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ ní kí n kà á sókè fún òun. Mo kà á, ṣùgbọ́n mo fo ibi tí o ti ní o sunkún. Ó fi obì tó ń ṣà sílẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá Gàníyù, ibi tí ẹ fò yẹn ńkọ́?" O mọ̀ pé ìyá rẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú mi kò ṣòro fún un láti kà. Mo padà síbẹ̀, mo kà á.

Láti ìgbà náà ni ilé ti dàrú. Ó ní kí n kọ̀wé lójú ẹsẹ̀ pé kí o máa bọ̀. Èmi ní kí ó jẹ́ kí n rò ó ná. Ó ní kí ni mo fẹ́ rò, ṣé ọmọ mi kọ́ ni? Ọbẹ̀ tí a sì ń jẹ láti ọjọ́ náà, bí ẹni pé iyọ̀ ti tán ní gbogbo Agége ni.

Ọ̀rọ̀ tí o gbé lé mi lórí wúwo, Àjàní. O ní àwọn tó rán ọ lọ kọ́ṣẹ́ ní bí o bá fẹ́ padà wálé, kí o sọ kí ọkọ̀ òkun tó ń bọ̀ yìí tó ṣí, nítorí tó bá ti lọ, omi etíkun yóò dì, kò sì ní sí òmíràn títí yìnyín yóò fi yọ́. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ohun tí Bàbá bá wí ni n ó ṣe." Ṣé ìwọ náà rí ohun tí o ṣe sí mi? Ọmọ tó ti ga jù mí lọ ló jókòó sí Fínlándì, tó ní kí n wá sọ ibi tí òun yóò gbé ẹsẹ̀ sí.

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, n kò gbé e fún akọ̀wé, nítorí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ pé o sunkún. Ìwọ lo máa ń fi "gb" mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, tí ìwọ wà ní Sítáńdáàdì Fóò. Tí o bá rí "gb" tó wọ́ nínú ìwé yìí, rẹ́rìn-ín sí i, n ó mọ̀ pé o rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ohun tí mo lóye sílẹ̀. Ìlú kékeré ni ìlú náà. Adágún omi yí i ká, igbó igi aláwọ̀ funfun sì yí adágún náà ká. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo ìlú. Wọ́n ń bó gẹdú bí ẹni ń bó ọsàn, tí èèpo kò ní já, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo náà mọ́ra wọn títí yóò fi di pákó. Irú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà níhìn-ín. Mo gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́ yìí. Wọ́n ti gé gbogbo igbó tí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti máa ń dẹ pàkúté fún òkété, wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ọ̀gá Éínò tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ jáde wá pàdé rẹ. Irun orí rẹ̀ ti funfun. Ìwọ, ọmọ tí a kọ́, o rí àgbà, o nà gbalaja sínú yìnyín. Wọ́n rò pé o dákú ni. Wọ́n pariwo, wọ́n sáré wá, wọ́n gbé ọ dìde, ẹnì kan bọ́ kóòtù rẹ̀ dà bò ọ́, wọ́n sì gbé ọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fún ọ ní kọfí gbígbóná, ó sì ń wo ahọ́n rẹ. Ojú tì ọ́. Láti ọjọ́ náà, o kò kí ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn náà kò sì kí ọ, ẹ máa ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ bí odi. Ọ̀gá Éínò pè ọ́ sí ilé ooru tí wọ́n ti ń wẹ̀, o kọ̀. Ó tún pè ọ́, o tún kọ̀. Kò pè ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tí o kò mọ̀ fi ìbọ̀wọ́ méjèèjì kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ, ìwọ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà ọ́ pé àrokò ni. O wá parí rẹ̀ pé àwọn ènìyàn náà kò fẹ́ràn rẹ.

Mo rẹ́rìn-ín, Àjàní. Má bínú. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń wo ahọ́n rẹ ni mo ti rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín, ó wá fi ìborùn nu ojú, n kò sì mọ èwo nínú ẹ̀rín àti ẹkún ló ń nù.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Èkíní, ọ̀rọ̀ ìdákẹ́.

O mọ̀ pé kí n tó di onípákó ní Agége, mo bá àwọn Ìlàjẹ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà. Ọ̀dọ́mọkùnrin láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí nígbà náà, omi tó pọ̀ jù tí mo ti rí rí ni èyí tó wà nínú àmù ìyá mi. Iṣẹ́ wa ni pé ká so gẹdú pọ̀ bí ẹní, ká dúró lórí rẹ̀, ká máa fi ọ̀pá tì í títí yóò fi dé Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń là á. Bàbá Ẹ̀bùn ni olórí wa. Wọ́n lè wà lórí omi láti òwúrọ̀ di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ láìfọhùn. Èmi ńkọ́? Ṣé o mọ ẹnu ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. "Ẹ kú omi o, Bàbá. Ẹ kú atẹ́gùn. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú oòrùn." Wọn kò dá mi lóhùn. Mo wò ó pé àgbàlagbà yìí kórìíra mi, bóyá nítorí pé mo ń kírun, bóyá nítorí ilà ojú mi. Mo gbé e sínú, mo ń bínú, mo sì túbọ̀ ń kí wọn kí wọ́n lè jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ọ̀pá gún gẹdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́, dákẹ́ kí n gbọ́ okùn."

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé okùn máa ń sọ̀rọ̀. Tí okùn tí a fi di gẹdú bá fẹ́ tú, àwọn gẹdú á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn, ìró wọn á sì yàtọ̀. Bàbá Ẹ̀bùn ń fi etí ṣọ́ ẹ̀mí gbogbo wa lórí omi, èmi sì ń fi ẹ kú oòrùn dí wọn létí.

Nítorí náà, tí ẹ bá wà nídìí ẹ̀rọ tó ń bó gẹdú, wo orí ọ̀gá Éínò dáadáa. Tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí ló tẹ́ sílẹ̀ yẹn. Kí ìwọ náà tẹ́ tìrẹ. Bí o bá mọ ohun tó ń gbọ́, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara yín sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹnu iṣẹ́ nìkan ni mo sì sọ pé kí o dákẹ́ o. Tí o bá pàdé wọn láàárọ̀, kí wọn. Mi orí, ṣe bí wọ́n ti ń ṣe, má nà gbalaja mọ́ kí nọ́ọ̀sì lè rójú ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni ti oúnjẹ. O ní búrẹ́dì wọn dúdú, ó sì le, pé wàrà wọn kan. Wàrà kíkan wo ni ìwọ kò tíì rí rí? Ta ló ń sáré tẹ̀lé àwọn Fúlàní oní-nọ́nọ̀ lọ́nà Abúlé Ẹ̀gbá nígbà tó wà ní kékeré, tí ìyá rẹ á máa wá a kiri? Ẹran tí o bá ṣiyèméjì sí, ìyẹn yàtọ̀, fi ọwọ́ ṣe rárá, kí o rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n wàrà kò ṣẹ̀ ọ́.

Èmi náà ṣe irú rẹ̀. Púpurú ni oúnjẹ àwọn Ìlàjẹ, n kò sì mọ̀ ọ́n. Kàkà kí n sọ pé n kò jẹ ẹ́ rí, mo ní mo ń gbààwẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, kí Ọlọ́run gbà á. Àwọn ènìyàn tí kì í ṣe Mùsùlùmí wọ̀nyí wá ń bá mi ṣọ́ oòrùn. Bó ṣe wọ̀ báyìí, wọ́n ní ẹni tó gbààwẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹun. Wọ́n bu púpurú fún mi bí òkè, wọ́n bu ẹja lé e lórí, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí. Kí ni n ó wí? Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo tún béèrè sí i. Bàbá Ẹ̀bùn nìkan ló rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́.

Ẹ̀kẹta, ìbọ̀wọ́.

Ta ló fẹ́ pàrokò fún ọ ní Fínlándì? Ẹni tó bá máa pàrokò, ó ní láti mọ̀ pé ẹni tó pa á fún mọ̀ ọ́n tú. Àlejò lójú gbọ̀ngbọ̀n ṣùgbọ́n kò fi ríran, mo gbà, àmọ́ tìrẹ yìí ti pọ̀ jù.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ fún ìyá rẹ, ó ní kí n dúró. Ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Mo ní o kọ ọ́ pé irun àgùntàn ni, wọ́n fi ọwọ́ hun ún.

"Ṣé titun ni?"

Mo ní titun ni.

"Ṣé ó ṣe rẹ́gí ọwọ́ rẹ̀?"

Mo ní o kò wọ̀ ọ́ wò. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ọwọ́ ọmọ òun gùn, ìka rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó bá fẹ́ hun ohun tí yóò wọ̀ ọ́, yóò ti wo ọwọ́ náà tipẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní màmá onílé rẹ ni. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́? Ta ló ń rí i pé ọwọ́ lásán ló ń gbé jáde láràárọ̀?"

Lọ wọ̀ ọ́ wò. Bó bá ṣe rẹ́gí ọwọ́ rẹ, ìyá rẹ ló borí. Má wá èdè tí o ó fi dúpẹ́, ṣáà wọ̀ ọ́ kọjá níwájú màmá náà, kí o gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó rí i. Tí kò bá sọ̀rọ̀, má tún kọ̀wé wálé pé kò fẹ́ràn rẹ.

Ìgbà tí mo kọ dé ìhín ni epo fìtílà tán. Òwúrọ̀ ni mo tún bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ wọ ibi tó le.

O ní nínú ilé ooru yẹn, ìhòòhò ni gbogbo wọn máa ń wà, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, bàbá àti ọmọ. Wọ́n ń da omi sórí òkúta gbígbóná, wọ́n ń fi ewé na ara wọn. O ní ojú rẹ kò lè rí ìhòòhò ẹni tó tó bí bàbá rẹ, ìyẹn lo fi kọ̀. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn. Mo kà á fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó tọ́ ọ ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, mo lọ bi àlùfáà wa léèrè. N kò dárúkọ rẹ, mo ní ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní láti ìdodo dé orúnkún ni kí ọmọ náà bò. Mo ní àwọn tó kù tí kò bo tiwọn ńkọ́? Ó tún fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Kó máa wòkè." Ó wá fi kún un pé, "Ẹ kí Gàníyù."

Ìyẹn ni ti ẹ̀sìn. Jẹ́ kí n sọ tèmi. Ṣé o rántí ìgbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀, kí o tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé? O lè má rántí. Ìyá rẹ gbé ìkòkò àgbo gbígbóná kalẹ̀, ó ní kí o jókòó tì í, òun fẹ́ da aṣọ bò ọ́. O figbe ta. O ní o kò lè dá wà nínú òkùnkùn. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo bọ́ ṣòkòtò, mo wọ abẹ́ aṣọ náà pẹ̀lú rẹ. Èmi àti ìwọ, ìhòòhò ni a wà, ooru àgbo ń lù wá lójú, òógùn ń ṣàn lára tèmi sí ara tìrẹ. O di apá mi mú, o sùn lọ. Kò sí ẹni tó rí ìhòòhò ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Àjàní. Ara rẹ tó ń gbóná ni mo rí. Nígbà tí a jáde, ibà náà ti lọ sílẹ̀.

Ilé ooru yẹn, ìkòkò àgbo ni, wọ́n kàn kọ́ ilé yí i ká ni. Ewé wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ooru wà níbẹ̀. Àgbàlagbà tó sì ní kí o wá wọ abẹ́ aṣọ àgbo pẹ̀lú òun kò fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, níbo lo rò pé wọ́n ti ń di ènìyàn ara wọn? Wọ́n ní bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à á di ìkúùkù. N kò ní kí o bọ́ra sílẹ̀. So táwẹ̀ẹ̀lì, máa wòkè, ṣùgbọ́n wọlé.

O ní kò pè ọ́ mọ́. Kò burú, o ti kọ̀ fún un, kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwọ ni kí o lọ báyìí. Gbé igi ìdáná sí èjìká, lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa ń wẹ̀. Ẹni tó bá gbé igi wá, kò sí èdè tí kò gbọ́ ohun tó ń wí.

N kò mọ nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Ìyá rẹ ní ẹ̀karùn-ún ló kàn, ó ń fi ìka kà á. Jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀karùn-ún. Òun ni mo ti ń sá fún láti òkè ìwé yìí.

O mọ̀ pé mo kúrò lórí ọ̀sà, o kò mọ bí mo ṣe kúrò. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí a ti fẹ́ gúnlẹ̀ sí Èbúté Mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo já sómi níwájú gbogbo èrò etí omi. N kò mọ̀wẹ̀. Bàbá Ẹ̀bùn fi ọ̀pá kọ́ mi lẹ́wù, wọ́n fà mí jáde bí ẹja. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin tó ń ta ẹja, àwọn tó ń gbé pákó, gbogbo wọn. Mo ní kí n lọ fún aṣọ mi gbẹ. Mo kọjá ibi tí wọ́n ti ń yáná, mo bọ́ sójú irin, mo ń tẹ̀lé e lọ, n kò wẹ̀yìn. Agége ni ẹsẹ̀ ti ro mí. Aṣọ ti gbẹ mọ́ mi lára, mo jókòó sẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń kó obì sínú ọkọ̀ ojú irin. Ọmọbìnrin kan tó ń fi ewé bo agbọ̀n obì gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń rùn bí ọ̀sà yìí, níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Ìyá rẹ nìyẹn. Ó jókòó tì mí báyìí, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé sísá tí mo sá lọ́jọ́ yẹn ni ohun tó dára jù tí mo ṣe láyé mi. Mo ti kọ ọ́. Kò sì parọ́. Ṣé o wá rí ìdí tí n kò fi lè jókòó síbí kí n máa sọ fún ọ pé ẹni tó bá sá, ojo ni? Bí n kò bá sá, ìwọ kò sí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tó kù. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà, o ti ń rìn, mo lọ ra pákó ní Èbúté Mẹ́ta. Mo bá ọ̀kan pàdé nínú àwọn tí a jọ wà lórí gẹdú. Ó dì mọ́ mi, ó wò mí títí, ó ní, "Làmídì, o ò wá jẹun mọ́."

N kò mọ ohun tó ń wí. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ tí mo lọ, Bàbá Ẹ̀bùn bu púpurú tèmi sọ́tọ̀, wọ́n fi ẹja sí i, wọ́n dé e. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ọmọ Ọ̀yọ́ ń bọ̀. Ilẹ̀ mọ́, abọ́ náà ṣì wà ní dídé.

Mo béèrè ibi tí n ó ti rí Bàbá. Ó ní wọ́n ti kú.

Ẹ̀rín etí omi ni mo gbé sá lọ, Àjàní. N kò dúró rí abọ́ tí wọ́n dé sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí di òní, bí mo bá sì rí gẹdú lórí omi, mo máa ń yí ojú sí ibòmíràn. Ìyá rẹ kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kà á fún un, ó ń ṣa obì rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé kó wọ ìbọ̀wọ́ yẹn." Láti ìgbà náà, kò tún sọ pé kí o máa bọ̀ mọ́.

Nítorí náà, n kò ní kọ "dúró", n kò sì ní kọ "máa bọ̀". Mo ṣàárò rẹ púpọ̀. Bàtà rẹ àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ òkun yẹn bá gbé ọ dé, n ó wà ní Àpápá kó tó gúnlẹ̀, n kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan, ìyá rẹ á sì fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé kí o wo abọ́ tí wọ́n dé sílẹ̀ fún ọ kí o tó lọ. Wọ ìbọ̀wọ́. Gbé igi lọ. Wọ inú ilé ooru náà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ohun tí ìwọ bá wí ni èmi yóò gbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀. Òun ni mo fẹ́ fi parí, nítorí òun ló ń dùn ọ́ jù, mo mọ̀ ọ́. O ní o kí wọn, wọn kò dá ọ lóhùn.

Bí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀ níwájú àgbà nílé wa, kí ni àgbà máa ń ṣe? Á ní kó dìde, á fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, á wá ṣàdúrà fún un. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò gbọ́ Yorùbá tí wọn yóò fi ní kí o dìde, apá wọn ni wọ́n fi gbé ọ dìde. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni à ń fọwọ́ kàn, kóòtù ara wọn ni wọ́n bọ́ nínú òtútù, tí wọ́n dà bò ọ́ lẹ́yìn. Mo ti ń gbé Agége láti ọjọ́ yìí, n kò tíì rí ẹni tí wọ́n dá ìkíni rẹ̀ lóhùn tó bẹ́ẹ̀.

Àdúrà nìkan ló kù. Wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ìyá rẹ ti gbé obì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí àwa méjèèjì parí rẹ̀ fún wọn. Ó ń wí, mo ń kọ:

O kò ní ṣubú níbi tí kò sí ẹni tí yóò gbé ọ. Òtútù ibẹ̀ kò ní mú ọ dé egungun. Iṣẹ́ tí o lọ kọ́ yóò mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn tó bọ́ aṣọ fún ọ, Ọlọ́run kò ní bọ́ aṣọ lára wọn. Ojú wa àti ojú rẹ yóò ríra.

Àmín.

Ó tó, Àjàní. Dìde, ọmọ mi.

Làmídì onípákó,
bàbá rẹ.